Àgbà Kan Láti Inú Ilé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ ka òfin ìdíje náà fún àwọn ọmọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fi oparun àti òwú ṣe afárá nílé. Àgbà kan láti inú ilé rẹ̀ nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí afárá rẹ̀ bá gbé òkúta jù lọ́la ló ń lọ sí ilé-ìwé ńlá ní Shillong, ọmọ kan ṣoṣo.

Lamphrang jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé tí wọ́n bí i sí, létí odò Myntdu, ó ń la oparun. Ribha, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń di òwú. Àbúrò rẹ̀, Kitbok, ń ṣa òkúta. Trailin, ìyá àwọn ọmọ méjèèjì, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé kwai, èso líle tí wọ́n máa ń jẹ bí obì.

“Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti dìde lọ wo odò. Ṣé odò náà fẹ́ sá lọ ni?”

“Oòrùn ni mò ń wò.”

“Oòrùn ò sí nínú odò. Jókòó.”

Ó jókòó. Kò pẹ́ tó tún dìde.

“Dapbiang nìkan ló lè bá mi dù ú,” ni Ribha wí.

Kitbok bú sẹ́rìn-ín. “Dapbiang wo? Èyí tí kò sí ọkùnrin kankan nílé wọn? Ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ ni ìyá ẹ̀ fi ń la oparun!”

“Kitbok, pa ẹnu ẹ mọ́,” ni Trailin wí.

Ribha kọjú sí Lamphrang. “Ẹ ti rí tiẹ̀?”

“Mo rí i lánàá. Kò lè gbé ju òkúta mẹ́fà lọ. Òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dẹ̀.”

“Ẹ sì kàn wò ó?”

“Mo kàn wò ó.”

“Ẹ ò bá kúkú já ìyókù!” ni Kitbok wí. Trailin ju èèpo kwai lù ú.

Lamphrang di kókó tó kẹ́yìn. Ó wò ó. Ó tú u. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

“Ṣé kò dáa ni?” ni Ribha bi í.

“Ó dáa.”

Ó tún un dì, ní ìlọ́po méjì, ó sì fi eyín fà á le.

Wọ́n gbé afárá náà sáàárín àpótí méjì, wọ́n so korobá kékeré kọ́ ọ. Kitbok ń ju òkúta sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìkeje, oparun ké. Ní ìkẹsàn-án, Ribha dijú. Ní ìkejìlá, korobá kún, afárá ò yẹ̀.

Ribha fò mọ́ Lamphrang lọ́rùn. “Shillong ti di tèmi!”

“Tìẹ ni.”

Trailin gbé tíì fún àbúrò rẹ̀. Kò mu ún.

“O ṣe é,” ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

“Ṣé mo lè má ṣe é ni?”

Ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà láàárín àwọn ọkùnrin yòókù tí wọ́n ń ti ilé ìyá wọn jáde ní ìrọ̀lẹ́.

Ó rékọjá odò lọ sílé ìyàwó rẹ̀, níbi tí òun, bíi gbogbo ọkọ ìlú náà, ti jẹ́ àlejò títí ilẹ̀ á fi mọ́, Dapbiang ọmọ rẹ̀ sì yára gbé afárá tó ti ṣẹ́ pamọ́ sẹ́yìn, ó ní: “Bàbá mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ kì í ṣe ará ilé wa.”