Ọmọ Agẹmọ Kò Kánjú Rìn

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, kò bà lé ẹlòmíràn, àfi Agẹmọ tí ọmọ rẹ̀ máa ń dúró ronú kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Àràárọ̀ ni Ọ̀bọ, aládùúgbò wọn, ń dé pẹ̀lú ìmọ̀ràn. “Ìyá Agẹmọ, ẹ ti ọmọ yìí síwájú! Tèmi ò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti ń fò. Àbí ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi í sílẹ̀ ni?”

Agẹmọ kò ti ọmọ. Orin ló fi dá Ọ̀bọ lóhùn:

Ọmọ mi, tẹ ẹ̀ka wò,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, má kánjú.*
Bó bá mì, fa ẹsẹ̀ padà,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, má kánjú.*
Ẹni ó yá kó máa lọ,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, má kánjú.*

Nígbà tó yá, àgbálùmọ̀ pọ́n lórí igi kejì sí èyí tí wọ́n ń gbé, ẹ̀ka gígùn kan ṣoṣo ló sì débẹ̀. Ọmọ Agẹmọ tẹ ẹ̀ka náà wò. Ó mì. Ó fa ẹsẹ̀ padà.

Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. “Ojo! Kò mọ̀ ọ́n rìn rárá!” Ó ti ọmọ tirẹ̀ síwájú. “Ó yá, fò!”

Ọmọ fò. Ẹ̀ka tí ikán ti jẹ nínú dá, ọmọ já lulẹ̀ gbì, apá rẹ̀ sì kán.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀bọ gbé ọmọ tí wọ́n di lápá dé, ó ń rojọ́ pé ẹ̀ka yẹn ni kò dára.

Agẹmọ wò ó lójú kòrókòró. “Ọmọ mi ti fi ẹsẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ní kò mọ̀ ọ́n rìn.”