Ẹ Má Ka Àbúrò Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a ti ń dúró de ojú ọjọ́ tó dára lórí òkè Himaláyà. Láràárọ̀, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà àgọ́ máa ń ka irin pẹlẹbẹ ọrùn wa, èyí tó ń gbọ́ èémí. Ìbòmú ẹni tó bá kà nìkan ló ń fi afẹ́fẹ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kà lójúmọ́.

Inú ìyá wa ò dùn sí i. Lánàá, ó pè mí lórí fóònù: "Akínlàbí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Má jẹ́ kí wọ́n ka Mojírayọ̀ fún mi mọ́."

Láàárọ̀ yìí, mo rò ó pé a ò sáà ní kúrò nínú àgọ́ lónìí. Bí àbúrò mi ṣe ń sùn, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bo irin ọrùn rẹ̀ kó má baà gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kà tán, mo yọ ìbọ̀sẹ̀ náà.

Kò pẹ́ ni Yangji, obìnrin tó ń ṣamọ̀nà wa, figbe ta: "Ìjì ti rọlẹ̀! Ó yá!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀!" Mojírayọ̀ ti gbé ìbòmú wọ̀, ó ti di okùn mú, ó ń gùn ún lọ. Mo ṣì ń wá bàtà mi kiri.

Yangji bojú wo ẹ̀rọ. "Afẹ́fẹ́ ẹni mẹ́fà. Ṣebí méje ni wá?"

Mo bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún un kà."

"Ó di ọ̀la."

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Lókè pátápátá lórí okùn, àbúrò mi dúró. Ó fi ìka gbá ìbòmú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yíjú padà, ó ń wá mi.