Ọmọ Tó Ń Ta Dáámà Láti Sípéènì

Zoulikha aládùúgbò ló kọ́kọ́ sọ fún Keltoum pé ọmọ rẹ̀ ti gúnlẹ̀. Ọ̀sán ni. Keltoum ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, kò tíì bọ́ bàtà. Zoulikha sáré wọlé, ọ̀dà wà ní gbogbo ìka rẹ̀.

"Ìyá Menouar, ó ti dé Sípéènì! Ó ń bá mi ta dáámà lórí fóònù!"

Keltoum wò ó. "Ó sọ̀rọ̀?"

"Kò ní ìwé ìgbélùú, ẹ̀rù ń bà á láti pè. Àmọ́ ó ti ta ọmọ dáámà kan. Ẹ wò ó."

Keltoum tẹjú mọ́ fóònù náà, ó pẹ́. Ó wá jókòó. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ló wí.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Zoulikha ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti délé, àwòrán ni yóò máa kùn, tàbí kó máa ta dáámà. Kò mọ èyíkéyìí ṣe dáadáa. Ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ro tíì mu rí. Òun ló kọ́ Menouar ní dáámà láti kékeré. Òun náà ló ta ẹ̀gbà wúrà rẹ̀, tó fi yá a lówó ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó ọkọ̀ náà mọ́, ó di Keltoum lọ́wọ́ mú, ó ní, "Tí nǹkan bá ṣe é, èmi ni mo pa á."

Ní báyìí, tí Keltoum bá ti pa ìsọ̀ òkìrìkà rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, yóò gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ sọ́dọ̀ Zoulikha. Zoulikha yóò ta tirẹ̀, yóò wọlé lọ wo tíì lórí iná, fóònù iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò. Kó tó jáde, Menouar á ti ta.

"Ọmọ yìí ti di òpè," ni Keltoum wí. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kọ́ òun náà ní dáámà. "Ṣé àwọn òyìnbó ti jẹ ẹ́ lórí ni?"

"Iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, Ìyá Menouar. Oko tòmátì ni wọ́n fi í sí."

"Ìwọ náà ò sàn jù ú lọ. Òpè méjì."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Atẹ́gùn òkun ń gbá ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dìde lọ tì í.

Keltoum kì í béèrè ohùn ọmọ rẹ̀. Ó kó bàtà Menouar fún àwọn aláìní. "Yóò rí òmíràn níbẹ̀," ló wí.

Nígbà tó yá, Zoulikha ya àwòrán Menouar. Ó yà á lórí ìdúró ní èbúté, nínú súwẹ́tà pupa tó wọ̀ lọ. Ojú kan tóbi ju èkejì lọ. Keltoum dúró níwájú rẹ̀ títí tíì fi tutù.

"Ojú ni kò dáa, àbí?"

"Fi ojú sílẹ̀. Búlúù ni kó o kun súwẹ́tà."

"Ṣebí pupa ló wọ̀ jáde nílé?"

"Búlúù ló wà lábẹ́ ẹ̀."

Zoulikha kùn ún ní búlúù.

Ní ọjà, Keltoum ta ìdajì ìsọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè. "Ọjà ò tà," ló fi dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn Iléyá, ó gbé owó kalẹ̀ níwájú Zoulikha.

"Gbà. Owó ẹ̀gbà rẹ ni. Menouar ló fi ránṣẹ́."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Zoulikha. "Menouar?"

"Menouar mélòó lo mọ̀? Kà á, kó o rí i pé ó pé."

Zoulikha kò kà á. Ó gbé orí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún. "Ó wà láàyè! Ọlọ́run ò, ó wà láàyè!"

"Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi," ni Keltoum wí. Ó mú owó náà, ó kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé.

Ilé ìgbókùúsí kan ní ìlú Ténès létí òkun ni Keltoum ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí Zoulikha fi sáré mú ìròyìn ayọ̀ wá bá a, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi pa ojú ọmọ rẹ̀ dé níbẹ̀.