Lẹ́tà Wínníwínní

Ìyá Kàátán kì í ra nǹkan jíjẹ láì kọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Yóò dúró gbagidi láàárín ṣọ́ọ̀bù, yóò yọ awò tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá jáde nínú báàgì, yóò sì ka ẹ̀yìn páálí títí dé orí àdírẹ́sì àwọn tó ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí onítọ̀hún ní sùúrù. Àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Kàátán. Ó rò pé wọ́n ń yìn ún ni.

Ìbẹ̀rù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òun ló lọ gba èsì, torí káfíńtà ni ọkọ, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀. Ó ka ìwé méjèèjì lójú ọ̀nà, ó sunkún wọlé.

“Ara tiyín dá ṣáṣá, Bàbá wọn,” ó ní. “Èmi ni mo wọ gàù. Gúlútẹ́nì inú àlìkámà ti di májèlé fún mi. Bí mo bá ń jẹ ẹ́, ìfun mi yóò bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni àlìkámà ti di ọ̀daràn nínú ilé. Búrẹ́dì kò ṣòro mú, kò fara pa mọ́. Àwọn tó ń pa orúkọ dà ló ń lé oorun lójú rẹ̀: ohun tó ń mú ọbẹ̀ ki, ohun tó ń fún súìtì láwọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè bàjẹ́. Ó kọ orúkọ wọn jọ bí ọlọ́pàá ṣe ń kọ orúkọ olè. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tó bá kọ̀ kì í ṣòfò. Inú ọkọ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ: búrẹ́dì tí àlejò gbé wá, bisikíìtì, kéèkì.

“Ẹ jẹ ẹ́ tán, kó kúrò níwájú mi.”

Ọkọ a jẹ ẹ́ tán. Aláìmoore ara ni ara rẹ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta, ó rí pẹlẹbẹ bíi pákó tó ń fá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sì ti ń ka ìwé ìròyìn tán.

“Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe!” ìyàwó a ní. “Ẹ wo èmi aláìsàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń dán.”

“Iṣẹ́ pákó ni,” ọkọ a dáhùn. “Àgbà sì ti ń dé.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyàwó tún ike èròjà ọbẹ̀ wọn yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Ó rí ọ̀rọ̀ kan tó ti fò rí: sítáàṣì. Wọn kò sọ irú èyí. Ó tẹ iléeṣẹ́ náà láago.

“Sítáàṣì wo? Ti àgbàdo àbí ti ẹ̀gẹ́?”

“Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n, mà.” Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn náà tó padà. “Ti àlìkámà ni, mà. Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀.”

Ó pa fóònù. Ọdún mẹ́fà, ojoojúmọ́, nínú ìkòkò tí òun fúnra rẹ̀ ń rò.

“Mo kú o!”

“Ẹ ò tíì kú,” ọkọ ní, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ọkọ ní kó fara ti òun. Ọkọ náà ló dúró mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Kò sùn dáadáa títí ọjọ́ náà fi pé, tí àwọn méjèèjì sì jókòó síwájú dókítà.

“Mà, n kò rí nǹkan kan,” dókítà ní. “Bó bá jẹ́ pé ẹ ní àìsàn yìí ni, tí ẹ sì ń jẹ àlìkámà fún ọdún mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ yín á ti sọ ọ́. Ìfun yín dáa ju tèmi lọ.”

Inú bí i. “Dókítà, ẹ má gba àìsàn mi lọ́wọ́ mi! Mo mọ èsì yẹn sórí.”

Dókítà ní kí wọ́n gbé fáìlì wá. Akọ̀wé gbé ti tọkọtaya náà wá, ọ̀kan lórí èkejì. Dókítà ṣí ọ̀kan, ó pa á dé, ó ṣí èkejì.

“Ó yá, mà. Ẹ kà á fún mi.”

Ìyàwó gbójú sókè, ó ń kà á láìwo ìwé, dókítà sì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ láti ìlà dé ìlà, ìyàwó kò sì ṣi ẹyọ kan. Nígbà tó parí, ìka náà gòkè lọ síbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, dókítà sì yíjú sí káfíńtà, ó ní, “Sà, orúkọ yín ló wà níbí.”