Oníbúrẹ́dì Tó Pe Ìsinmi Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín kì í gbélé, ẹ kà á dé òpin. Ẹ má ka ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí náà ní òun ti mọ̀ ọ́n.

1.
Oníbúrẹ́dì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àgbọ̀nrín, nítorí eré. Tó bá ti kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde nínú ààrò, eré ló kàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń forúkọ sílẹ̀ fún eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ìlú ńlá, ìyẹn máratọ́ọ̀nù, wọn ò mú un. Lọ́dún yìí wọ́n mú un, wọ́n sì mú àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó jó níwájú ààrò.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kóòṣì tó ń kọ́ àwọn asáré àdúgbò wọn, obìnrin kúkúrú kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, kó gbogbo wọn jọ.

"Iṣẹ́ ti parí," ló wí. "Láti òní lọ, ẹ dín eré kù. Ẹ sùn, ẹ jẹun, ẹ jẹ́ kí ara yín ráyè tún ara ẹ̀ ṣe. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

Àgbọ̀nrín ní: "Kóòṣì, ta ní í ti ṣọ́ọ̀bù pa nígbà tí ọjọ́ ọjà bá kù sí dẹ̀dẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín sọ́rọ̀ ẹlòmíì lẹ́ẹ̀kan, á rò pé òótọ́ lòun sọ.

2.
Àbúrò ẹ̀ gbọ́ràn. Ó ń sáré díẹ̀, ó ń sùn dáadáa. Àgbọ̀nrín ò jẹ́ kó gbádùn.

"Ọkọ ibùsùn, o ti jí?"

"Mo ti jí, Bùrọ̀dá. Kóòṣì ló ní ká sinmi."

"Kóòṣì ló máa bá ẹ sá a? Áà, ọ̀lẹ ti rí agbẹjọ́rò!"

Òun fúnra ẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní àgúntúngùn. Ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó fọwọ́ pa á, ó tún dùn ún. Ló bá ra oògùn ara ríro, ó ń gbé e mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ gbọ́ o: ara kì í pariwo lásán. Ẹni tó bá fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́, á wá ọ̀nà míì sọ tẹnu ẹ̀.

3.
Ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló rí páálí oògùn nínú àpò ṣòkòtò tó fẹ́ fọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"Ta ló wá gbé gbogbo èyí mì?"

"Ìyá Ìbejì, jẹ́ kí n sinmi."

"Sinmi kẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ orúkọ ẹ̀?"

Àgbọ̀nrín fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti dé ojú obìnrin náà. "Ẹsẹ̀ yẹn lẹ fi ń dúró níwájú ààrò. Bẹ́ ẹ bá dá a, kí làwa fẹ́ jẹ? Mẹ́dààlì?"

Ó ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò gbọ́ nǹkan kan.

4.
Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Àgbọ̀nrín ń gun òkè ọ̀hún láàárọ̀, ó ń tiro, ló bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa!" Ìyálọ́mọ kan ló ń sáré ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀. Ó kọjá lára ẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọmọ inú kẹ̀kẹ́ tún wá juwọ́ sí i.

Kí kẹ̀kẹ́ ọmọ ya Àgbọ̀nrín sílẹ̀? Ó ki eré mọ́lẹ̀. Kò tíì bá wọn tó fi gbọ́ "kà!" nínú ojúgun ẹ̀. Ó ṣubú bí àpò ìyẹ̀fun.

Ìyálọ́mọ yẹn náà ló sáré padà. Ó fi àpò aṣọ ọmọ ṣe ìrọ̀rí fún un, ó pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, kò sì kúrò títí wọ́n fi dé. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ má mira." Àgbọ̀nrín ò mọ orúkọ ẹ̀ dòní, àmọ́ kì í gbàdúrà kó má dárúkọ "ìyálọ́mọ orí òkè."

5.
Dókítà ya àwòrán egungun, ó ní ó ti ń sán tipẹ́ kó tó dá. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ojú ẹ̀ yí padà.

"Oògùn tẹ́ ẹ ń gbé mì ti ń ba kíndìnrín yín jẹ́. Ká ní ẹsẹ̀ yìí ò dá, tẹ́ ẹ wá fi oògùn yẹn sá eré náà nínú oòrùn, bóyá òkú yín ni wọn ì bá gbé wálé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ yín."

Kíndìnrín á san, ẹsẹ̀ á jinná, àmọ́ eré ti bọ́. Ìyàwó ẹ̀ ti di èébú sẹ́nu láti ilé. Ìgbà tó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó gbé èébú mì, ó kúnlẹ̀ síbi ibùsùn. "Ọba òkè, mo dúpẹ́. Ẹsẹ̀ lẹ gbà, ẹ ò gba olówó orí mi."

6.
Ta ló wá ń dáná ààrò? Ọkọ ibùsùn náà ni. Agbára tó rí nínú ìsinmi tí kóòṣì ní kó sinmi ló fi gbé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Lọ́jọ́ eré, ó lọ sá a. Kò yára, àmọ́ ó parí ẹ̀. Kò kọjá sílé. Ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, iyọ̀ òógùn ti gbẹ mọ́ ọn lójú, ó fọwọ́, ó ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun.

Àgbọ̀nrín wà lórí àga, ẹsẹ̀ nínà. "Lọ sùn, jọ̀ọ́."

"Ìyẹ̀fun ò mọ̀ pé mo sáré, Bùrọ̀dá."

Ọkùnrin tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣí fìlà. "Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Àbúrò ẹ̀ wẹ̀yìn. "Ta lẹ ń kí?"

"Ẹ̀yin ni."

Àbúrò tó gbé pọ̀n rí! Ọmọkùnrin náà bú sẹ́kún, ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ìyẹ̀fun lójú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ẹnu tó ń pe ìsinmi ní ọ̀lẹ. Bí ara bá ní ó dun òun, ẹ dá a lóhùn, ẹ má fi oògùn dí i lẹ́nu. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ rọra, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ ẹ̀ lẹ lè bá oúnjẹ ọ̀la. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo asáré tẹ́ ẹ bá mọ̀, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó ṣì ń gbé yín. Asárétete ò róyè jẹ. Arìngbẹ̀rẹ̀ ní í móyè jẹ.