Orin Tí Ìkookò Kò Lè Kọ

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ bá mi gbe orin. Ẹ̀gà ni àlọ́ mi dá lé, àti Ìkookò oníyọ̀.

Ẹ̀gà gbọ́ lẹ́nu Ìkookò fúnra rẹ̀ pé iyọ̀ máa dínwó lọ́la, síbẹ̀ Ìkookò ń tà á lówó gọbọi fún àwọn ẹranko lọ́jà lónìí. Ẹ̀gà bá kọrin lórí igi ọjà tí ìtẹ́ rẹ̀ wà:

Ẹ má rà á lónìí o,
Jáńjálá,
Iyọ̀ á dínwó lọ́la o,
Jáńjálá.

Kò sẹ́ni tó rà á mọ́. Ni Ìkookò bá sáré tọ Erin tó ni igi náà lọ. "Bàbá, Ẹ̀gà jí orin mi kọ!"

Òfin igbó ni pé kí Erin lé olè orin kúrò lórí igi. Erin kò bi Ẹ̀gà ní nǹkan kan. Ó mi igi náà jìgìjìgì. Ìtẹ́ já, ẹyin fọ́.

Ẹ̀gà fi ìbínú kígbe pé, "Ìkookò, bó bá jẹ́ orin rẹ ni, kọ ọ́ ká gbọ́!"

Bí Ìkookò bá kọ ọ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé iyọ̀ á dínwó lọ́la nìyẹn. Kò lè la ẹnu. Àwọn ẹranko lé e kúrò lọ́jà.

"Má bínú, ọmọ mi," ni Erin wí.

"N óò bínú!" ni Ẹ̀gà dáhùn. "Ṣé ẹ ò lẹ́nu tí ẹ lè fi bi mí léèrè kí ẹ tó mi igi ni?"

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí tí mo wálé.