Lẹ́tà Tí Denver Ń Dáná Sun, àti Eyín Ọmọ Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin òbí.

Twila tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi nídìí ọjà àlòkù tí mò ń tà. Ó ní, "Ọmọ Denver sunkún títí dé ilé-ìwé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó kó ápù sẹ́nu."

1. Ibi ìwakùsà èédú ni Denver, aládùúgbò mi, ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń sin gbèsè ò jẹ́ kó simi. Lẹ́tà yòówù tó bá dé, kò ní tú u. Inú sítóòfù igi tó fi ń yáná ló ń jù ú sí.

Mo ní, "Denver, kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló ń béèrè owó o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, iná mọ̀wé jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kó máa kà á."

2. Káàdì ìlera, tí ìjọba fi ń san owó ìtọ́jú àwọn tálákà, ni Kaylene ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń lò. Dókítà eyín kan ṣoṣo ló ń gbà á lágbègbè wa, ìrìn wákàtí méjì ni. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi dúró kó tó kàn wọ́n.

Obìnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. "Káàdì yìí ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìjọba kọ̀wé sí yín pé kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí i."

"Èmi ò rí lẹ́tà kankan!"

Irọ́ ni. Ó ti sun ún.

Wọ́n ní kó san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là kí wọ́n tó yọ eyín ọmọ. Owó epo ọkọ̀ nìkan ló wà lápò rẹ̀.

"Dádì, ṣé wọn ò ní yọ ọ́ mọ́ ni?"

"Fara dà á, ìyá mi."

Mo ní kó lọ tún káàdì náà ṣe lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ò lè tò sórí ìlà bí alágbe.

3. Lọ́jọ́ kẹrin, àrùn eyín náà ràn dé ọ̀fun ọmọ, ó wú, kò lè mí dáadáa mọ́. Hẹlikópítà ló wá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ojú ọ̀run ló kú sí.

Eyín kan, ẹ̀yin èèyàn! Eyín kan ṣoṣo!

Kò sí káàdì tó máa san owó hẹlikópítà. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá dọ́là. Denver ta ọkọ̀, ó ta ìbọn bàbá rẹ̀, ó ń la igi fún ẹni ẹlẹ́ni. Ọdún mẹ́fà ló fi san án. Ọjọ́ tó san èyí tó kẹ́yìn, ó wá jókòó tì mí.

"Ó tán, Ìyá. Kí ni mo wá rà?"



Ẹ̀yin òbí, ẹ tú lẹ́tà yín, bẹ́rù tiẹ̀ ń bà yín, bójú tiẹ̀ ń tì yín. Ẹ yẹ káàdì ọmọ yín wò kí eyín tó dùn ún. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.